Ta Ló Ní Asọ̀rọ̀mágbèsì Kì Í Gbèsì?

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí rédíò wọ ilẹ̀ Yorùbá, àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì ni yóò máa jẹ́. Gbogbo àwa tí à ń kọ́ Yorùbá la mọ orúkọ yìí. A ti pàdé rẹ̀ nínú ìdánwò mọfọ́lọ́jì, a gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé ilá, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, a gba máàkì wa, ó parí. Èmi ò fẹ́ kó parí síbẹ̀. Lójú tèmi, àwọn tó sọ rédíò lórúkọ yẹn ń ráhùn ni, wọn ò yìn ín. Torí nínú ilé Yorùbá, ta ni í sọ̀rọ̀ tí kì í gbèsì? Wèrè ni. Tàbí ọba tí inú ń bí. Tàbí ẹni tó dúró síta tó ń bú ọ̀tá rẹ̀, tí ìyẹn sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Apàlọ́ kò lè pa àlọ́ rẹ̀ bí àwọn ọmọdé kò bá tíì dáhùn "ààlọ̀". Bó bá dé ibi orin, àwọn ni yóò gbè é. Bí wọn ò bá gbè é, Ìjàpá ò ní lè kúrò lójú kan. Ẹni tó ń ki ènìyàn ń retí kí orí ẹni náà wú, kí ọwọ́ rẹ̀ sì wọ àpò. Oníwàásù ń retí àmín. Kódà ẹni tó kí ọ ní "ẹ kú iṣẹ́" lójú ọ̀nà, tí o ò dá a lóhùn, á délé sọ pé wọn ò kọ́ ọ nílé. Ẹ wá ro bó ṣe máa rí lára irú àwọn ènìyàn báyìí nígbà tí wọ́n rí àpótí kan tó ń dá sọ̀rọ̀ lára ògiri.

Àpótí ni lóòótọ́. Ìbàdàn ní rédífúṣọ̀n tirẹ̀ ní 1939, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Èkó ti ní in. Wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọlé, ẹni tó bá gbà á á máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Kò sí pé ò ń wá ilé iṣẹ́ mìíràn kiri lórí rẹ̀. O lè yí ohùn rẹ̀ sókè, o lè yí i wálẹ̀, ó tán. Bó o bá bínú sí i, ìwọ àti ògiri ni.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1953. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ òmìnira ti dá rògbòdìyàn sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ l'Ékòó, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group fi ìbínú jáde, gómìnà, John Macpherson, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó dẹ́bi ọ̀rọ̀ náà rù wọ́n. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò yẹn kí òun fèsì. Wọn ò fún un. Òfin ọdún 1954 ló wá gba àwọn ẹkùn láyè láti dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, nígbà tó sì di 31 October 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn níbí. Tẹlifíṣọ̀n tí a fi ń yangàn káàkiri pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà (àwọn ará Mòrókò ń bá wa jiyàn lórí ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀), ìbínú olùgbọ́ kan tí wọn ò jẹ́ kó fèsì wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan lè ní òṣèlú lásán ni. Kò burú. Olóṣèlú náà ní etí.

Ṣùgbọ́n èsì wo gan-an là ń sọ? Torí ariwo pọ̀ tí kì í ṣe èsì. Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, èyí tó jáde ní 1966, ohun tó dá mi dúró jù ni ohun tó sọ nípa àwọn tó ń gbọ́. Ọdẹ kan ń sun ìjálá, àwọn ọdẹ mìíràn tó mọ̀ ọ́n sun wà ní ìjókòó. Bó bá ṣi oríkì ẹranko kan kì, tàbí tó gbé oríkì orílẹ̀ kan fún orílẹ̀ mìíràn, ẹnì kan nínú wọn lè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ lo pa, kò rí bẹ́ẹ̀, kó sì sun ún bó ṣe yẹ kó rí. Ẹni àkọ́kọ́ lè gbà. Ó sì lè kọ̀, kó ní bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn, kí kálukú mú tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìjálá á wá máa lọ, tòun ti ìjà inú rẹ̀. Àwa tó jẹ́ pé kíláàsì la ti mọ ìjálá, a máa ń rò pé ìdájọ́ iṣẹ́ ọnà ń bọ̀ lẹ́yìn ni, nígbà tí lẹ́kíṣọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Ní ojú agbo ọdẹ, inú iṣẹ́ náà ni ìdájọ́ ń gbé. Ẹni tó fèsì mọ nǹkan kan, ojú rẹ̀ wà níta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yí ohun tó kù tí a óò gbọ́ padà. Èyí ni n óò fi ṣe òṣùwọ̀n nínú gbogbo ohun tó kù tí mo bá sọ.

Ẹ ó rò pé ìwé títẹ̀ ló máa kùnà jù lórí òṣùwọ̀n yìí. Òǹkọ̀wé wà nílé rẹ̀, òǹkàwé wà nílé tirẹ̀, ojú ò kan ojú. Bẹ́ẹ̀, inú ìwé ìròyìn ni mo ti rí èsì tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo lítíréṣọ̀ wa.

Ní 1929, Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Isaac Babalọlá Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Ó ti dàgbà, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó ní òun ti fi ẹwà òun jayé ìjẹkújẹ pẹ̀lú ọkùnrin tí kò lóǹkà, òun sì fẹ́ rò fún aráyé kí òun tó kú. Lẹ́tà yìí ń bọ̀ títí wọ 1930, lẹ́yìn náà wọ́n kó o pọ̀ di ìwé. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kan. Thomas fúnra rẹ̀ ló jókòó sí ọ́fíìsì tó ń kọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe ṣe é. Àdúgbò Èkó tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń dárúkọ, orin tí ìlú mọ̀ ló ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n bó bá kan àwọn ọkùnrin, obìnrin yìí á ní ẹ jọ̀ọ́, n ò ní dárúkọ wọn, torí pé wọ́n wà láyé. Àbí ẹ ò rí ọgbọ́n! Ẹni tó bá ka èyí tán á gbójú sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Á wo àna rẹ̀. Á wo alàgbà tó jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Thomas fi àlàfo sílẹ̀ nínú ìtàn, àwọn òǹkàwé sì fi orúkọ tó wà lọ́kàn wọn dí i.

Wọ́n kọ̀wé sí i. Àwọn kan ń bá obìnrin yìí kẹ́dùn, àwọn kan ń gbà á nímọ̀ràn, àwọn kan ń jiyàn bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. Thomas ń tẹ lẹ́tà wọn, Sẹ̀gilọlá náà sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n wí, ó ń mẹ́nu bà á nínú èyí tó ń kọ bọ̀. Karin Barber, òyìnbó tó ti ṣe olùkọ́ ní Ifẹ̀, tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dá a lábàá pé òun ni ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ṣáájú Ògbójú Ọdẹ tó jáde ní 1938. N ò fẹ́ dá sí ìjà ta ló ṣáájú. Ohun tó jẹ mí lógún ni owó yẹn.

Ẹ ronú sí owó yẹn dáadáa. Thomas ní ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ni. Ọkùnrin ni, ó gbé ohùn obìnrin wọ̀ bí ẹ̀kú, ó fi ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin pé ẹni tó bá jayé bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò parí. Ẹ̀yin ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ wa ti sọ ọ́ níbi ìjíròrò wa, mo sì fara mọ́ ọn: àwọn ọkùnrin inú ìtàn náà rìn lọ láìsí ìyà, a ò mọ orúkọ wọn pàápàá, obìnrin nìkan ló ń jẹrà lórí ibùsùn. Ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ ni kí ẹ̀rù bà wá. Ṣùgbọ́n àánú ló ṣe àwọn òǹkàwé. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ sí aṣẹ́wó tó ń kú lọ kò gba ìwàásù gbọ́ tán. Ó ti bá òǹkọ̀wé jiyàn, ó sì fi ṣílè jiyàn. Sẹ̀gilọlá tí à ń kà lónìí, tí a máa ń káàánú ju bí a ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ, lọ́wọ́ ta ni ó ti jáde? Mo rò pé ó kéré tán, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó kọ̀wé sí Akéde Èkó.

Barber kan náà tẹ̀ lé ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí láti Òṣogbo kiri ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òun pàápàá bá wọn ṣeré, ìwé rẹ̀ lórí wọn sì jáde ní 2000, ọdún tí Adéjọbí kú. Wọn kì í kọ eré wọn sílẹ̀ lódindi. Ibi tí àwọn ènìyàn bá ti rẹ́rìn-ín lálẹ́ àná, òṣèré á jókòó síbẹ̀ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lálẹ́ òní; ibi tí wọ́n bá ti ń yán, á sáré gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn òǹwòran ń kìlọ̀ fún ẹni rere pé ẹni ibi wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń bú orogún, wọ́n ń parí òwe fún òṣèré kó tó parí i fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ sílé, kálukú mú ẹ̀kọ́ tirẹ̀ dání, kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ kan náà. Nígbà tí Adéjọbí gbé Kóòtù Aṣípa dé orí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wa mọ̀ bó ṣe gbajúmọ̀ tó. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í rẹ́rìn-ín. Àwọn òṣèré yẹn ní láti máa gbọ́ ẹ̀rín tí wọ́n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ nínú orí wọn, kí wọ́n tó mọ ibi tí wọn ó dúró sí.

Èsì lè le pẹ̀lú. Hubert Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú ní 1964 níwájú Akíntọ́lá àti àwọn èèyàn rẹ̀, Akíntọ́lá rí ara rẹ̀ nínú eré, ó dìde. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé, òfin náà kò sì kúrò títí ìjọba ológun fi dé ní 1966. Ògúndé fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, fèsì sí èsì. Ẹni tó bá ní òǹwòran ò lágbára, ẹ rán an létí pé òǹwòran kan wà tó ní ọlọ́pàá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ayé tiwa. Kí GSM tó dé ní 2001, lẹ́tà ni èèyàn ń kọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, tàbí kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Lónìí kò sí ilé iṣẹ́ rédíò kan n'Ìbàdàn tí kì í fún àwọn ènìyàn ní nọ́ńbà. Wọ́n pọ̀ débi pé bó o bá ń yí rédíò láàárín Òjóò àti Mọ́níyà, níbi tí Amúlùdùn ti Radio Nigeria wà, ohùn kan á máa ti ohùn kejì lulẹ̀. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé ètò yìí, tiyín ni, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ pè wá. N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ fetí sí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó pè á wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún un ni pé: "Ẹ yí rédíò yín wálẹ̀." Bí kò bá yí i wálẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa padà wá bá a, á di gbohùngbohùn. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yìí, torí pé gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà nínú rẹ̀. Kó o tó lè sọ̀rọ̀ lórí rédíò, o ní láti dákẹ́ gbígbọ́ rédíò. Lẹ́yìn náà ni ìkíni. "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín, mo kí bàbá tó wà pẹ̀lú yín ní sítúdíò, mo kí ẹ̀rọ̀ mi ní Àkóbọ̀." Wọ́n ní kó lọ sórí kókó. Ó ní, "Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé…" tín-ín! Ìlà já. "Ó jọ pé nẹ́tíwọ̀kì ni o. Ẹ hàló, ta ló tún wà lórí ìlà?"

A ti rẹ́rìn-ín, kò burú. Ẹ wá gbé e lé orí òṣùwọ̀n ìjálá. Ká ní ìlà kò já. Ká ní ẹni náà sọ ọ̀rọ̀ tó gbọ́n jù lọ lọ́jọ́ yẹn. Kí ló yí padà nínú ètò náà? Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á ní "a dúpẹ́, ojú ìwòye yín nìyẹn", ó kan ẹlòmíràn. Kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé irọ́ lo pa. Òun náà kì í sọ fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pé ibi tó o ti kà á nínú ìwé ìròyìn láàárọ̀ yìí, o ṣì í kà. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ń wọlé tẹ̀ lé ara wọn bí èrò tó ń wọ bọ́ọ̀sì, kò sí èyí tó bá èkejì sọ̀rọ̀. Kí wá ni wọ́n ń fi ìpè yẹn ṣe? Ẹ gbọ́ ìpolówó tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú, wòlíì. Ìpè tí à ń pè ló ń fi han onípolówó pé etí wà níbẹ̀. Àwa la rò pé a wá ná ọjà, àṣé àwa gan-an ni wọ́n pàtẹ. Lójú mi, asọ̀rọ̀mágbèsì ṣì ni, aṣọ tuntun ló wọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ètò wà tí ẹni tí onílé fìyà jẹ, tàbí tí wọ́n ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé, ń gbé ẹjọ́ lọ, ọ̀rọ̀ náà a sì yanjú kó tó di ọjọ́ kejì, nígbà tó jẹ́ pé ní kóòtù ó lè gba ọdún. Òótọ́ ni, mo sì gbà pé èsì gidi nìyẹn, torí nǹkan yí padà. Àmọ́ àwọn tó ń gbọ́ á ti dá ẹjọ́ náà nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá kí ẹnì kejì tó dé sítúdíò. Nínú agbo ọdẹ, ẹni tí wọ́n bá pè ní onírọ́ wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Mo ń gbé Ṣáṣá, n ò sì lè sọ̀rọ̀ olùgbọ́ kí n fò ó. Ẹni tó bá mọ ọjà wa mọ̀ pé èdè méjì ló ń ná an. Láti òkè Ọya ni tírélà ti ń gbé tòmátì, ata àti àlùbọ́sà wá. Hausa pọ̀ nínú àwọn tó ń kó o wá, Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á tó ń pín in kiri Ìbàdàn. Rédíò kékeré wà ní ìsọ̀ púpọ̀. Ìsọ̀ kan ń gbọ́ Hausa ti BBC, tó ti wà láti 1957. Ìsọ̀ tó kángun sí i ń gbọ́ kókó inú ìwé ìròyìn ní Yorùbá. Ohùn méjèèjì ń dà pọ̀ mọ́ra wọn lórí apẹ̀rẹ̀ ata, ṣùgbọ́n etí kálukú ń mú tirẹ̀ nìkan.

Ní February 2021, ìjà kan bẹ̀rẹ̀ nínú ọjà yìí, ẹnì kan sì ti inú rẹ̀ kú. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, 12 February, ó ti di ìjà ẹ̀yà. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun ìsọ̀, ẹ̀mí Yorùbá lọ, ẹ̀mí Hausa lọ. Gómìnà ti ọjà pa, ó kéde kónílé-ó-gbélé. Kí oṣù tó parí, àwọn oníṣòwò láti òkè Ọya dáwọ́ dúró, wọn ò gbé màlúù àti oúnjẹ wá sí gúúsù mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Mi ò sọ pé ìròyìn ló fa ìjà náà. Ohun tó wà nílẹ̀ ṣáájú pọ̀, ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí àwa olùgbọ́ ṣe lọ́sẹ̀ yẹn.

Orí fóònù ni gbogbo ilé wà. Ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ohùn ẹni tí kò dárúkọ ara rẹ̀, tó ń mí gúlegúle, tó ní òun wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní àdúgbò báyìí ti jóná. Ẹni tó wà ní àdúgbò náà gbọ́ ọ, ó yọjú lójú fèrèsé, kò rí iná, síbẹ̀ ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn pé wọ́n ní àdúgbò wa ti jóná o. Mo mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ ń lọ ní Hausa náà, torí mo ń gbọ́ ọ nínú fóònù àwọn ará ilé kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé. Ẹ wò ó, àwọn olùgbọ́ tí mo ti ń yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni. Wọn ò dákẹ́ rárá. Wọ́n ń fèsì láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń fi tiwọn kún un, gbogbo wọn ti di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n agbo méjì ni, agbo kọ̀ọ̀kan ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Kò sí ẹnì kankan nínú agbo Yorùbá tó lè já lu ọ̀rọ̀ inú agbo Hausa pé irọ́ lo pa, mo wà níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè ṣe é fún tiwa. Ẹni tó bá tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n á bi í pé apá ibo lo wà. Àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ wà o, mo mọ ìyá aláta kan tó ń fi ohùn ti ara rẹ̀ ránṣẹ́, tó ń sọ orúkọ rẹ̀ àti ìsọ̀ rẹ̀, tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí wọ́n ní ó ti jóná kọjá ni. Ohùn tirẹ̀ kò lọ jìnnà. Kò ní ẹkún nínú.

Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn bí àwọn ọ̀rẹ́ wa bá ń kọ̀wé pé fóònù ti dá agbo àtijọ́ padà fún wa, pé gbogbo wa ti di apàlọ́, gbogbo wa ti di elégbè. Ohùn tí kò ní ojú kò ṣeé já lù. Thomas fi ojú èké bo ojú ara rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bá a jà mọ ọ́fíìsì rẹ̀.

Ó wá ku àwa. Níbi ìpàdé ewì wa, à ń jókòó bí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Akéwì á ka tirẹ̀ tán, a ó pàtẹ́wọ́, alága á ní a dúpẹ́ o, ó kan ẹlòmíràn. Ìlà já, ta ló tún kù? Mo ti gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé kí ẹgbẹ́ fàyè gba jíjá lu ọ̀rọ̀, wọ́n ní á dẹ́rù ba àwọn ọmọ tuntun. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó ń já lu ìjálá kì í ṣe èrò ọ̀nà, ọdẹ bíi tirẹ̀ ni, ẹni tí òun náà mọ̀ pé bó bá kan òun lọ́la, wọ́n á já lu tòun. Ìwà ọmọlúàbí tí à ń sọ pé ó ní ká dákẹ́ síra wa, mo rò pé ọ̀lẹ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ó rọrùn láti pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan tí kò sí iná, a gbé ìpàdé wa bọ́ sábẹ́ igi níta. Ọ̀kan nínú wa ń ka ewì ọjà, ó dé ibi tí wọ́n ti ń já àpò tòmátì sílẹ̀ láti inú tírélà. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́yìn wa ní, "Rárá o, ọmọ mi. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó tòmátì sí. Àlùbọ́sà ló ń gbé àpò. Bó o bá ko tòmátì sápò, omi lo máa bá níbẹ̀." A rẹ́rìn-ín, akéwì náà rẹ́rìn-ín, ó sì ka ewì rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìpàdé ó sọ fún mi pé òun mọ̀ pé ìyá náà ló gba èrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àpò bá ìró ìlà òun mu, apẹ̀rẹ̀ gùn jù, á já ìlù òun. Mo ní kó wo ìlà tí ìyá náà fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, omi lo máa bá níbẹ̀, bóyá ó lè rí nǹkan fi ṣe nínú ewì náà. Ó ní òun á rò ó.

Ewì náà wà nínú ìwé wa tó jáde kọjá, ẹ lè ṣí i wò bí fọ́tòkọ́pì tiyín bá hàn dáadáa. Tòmátì ṣì wà nínú àpò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá yẹn. Ó bù mí lẹ́nìí, ó wá bi mí bóyá ọmọ ọjọ́sí ti bá òun tún un ṣe.